Kí Ọ̀dọ́ Má Dúró De Fèrè Ìkìlọ̀

Níbi tí iná igbó ti ń jà, ọ̀dọ́ tó gbọ́n kì í dúró de fèrè ìkìlọ̀ kó tó gbéra.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀fúùfù líle ti iná wọ ìlú Lahaina ní Hawaii. Iná mànàmáná ti lọ, fóònù kò lọ geere, fèrè ìkìlọ̀ kò sì dún rárá. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dí ojú títì, àwọn kan bẹ́ sínú òkun. Ènìyàn tó lé ní 100 ló kú. Arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ní Victoria, ní Australia, iná ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2009 pa ènìyàn 173. Ọ̀pọ̀ ló kú sínú ilé. Látìgbà náà ni ìjọba ti ń tẹnu mọ́ ọn pé lọ́jọ́ tí ewu bá pọ̀, kí oníkálukú tètè kúrò.

Kí ọ̀dọ́ mọ ọ̀nà méjì tó jáde ládùúgbò rẹ̀. Kó di oògùn, omi, ìwé pàtàkì àti rédíò oníbátìrì sínú báàgì. Kó gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí òrùlé, torí ẹ̀yinná tí afẹ́fẹ́ ń gbé ló ń ran ọ̀pọ̀ ilé. Bó bá ń lọ, kó gbé arúgbó tí kò lọ́kọ̀ dání, kó má sì padà wá kó ẹrù.