Server Méjì Ò Tó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ àṣìṣe mi fún yín. Mo fẹ́ ibi tí gbogbo server wa á ti máa rí fáìlì kan náà, tí kò ní dákú. Mo wá fi DRBD so server méjì pọ̀: ohun tá a bá kọ sórí ọ̀kan, èkejì náà á gbà á. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á gba ipò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wáyà àárín wọn já. Kò sí èyí tó kú o! Ṣùgbọ́n kálukú rò pé èkejì ti lọ, làwọn méjèèjì bá di ọ̀gá. Ṣé ọba sì ń pé méjì láàfin? Nígbà tí mo so wáyà padà, fáìlì wọn ò bára mu mọ́. Mo ní láti da iṣẹ́ ọ̀kan nù. Split-brain nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ? Ẹ fi ẹ̀kẹta kún un, kí ẹ sì kọ "quorum majority" sínú ètò DRBD 9. Àwọn tó bá pé 2 nínú 3 nìkan ló lè kọ nǹkan. Èyí tó dá wà á dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ nílò díìsìkì fún fáìlì, ìbò ló wá dì.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé backup. Fáìlì tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti parẹ́ lórí èkejì náà nìyẹn.