Ta Ló Ní Bẹ́ẹ̀ Ló Gbọ́dọ̀ Rí?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá òwò tuntun, mo ń gbọ́ bí ẹ ti ń sọ pé ọjà ti kún. Ó kún lóòótọ́, àmọ́ ohun kan náà ni gbogbo wọn ń tà.

1. Ibi tí aráyé ti ń ráhùn, tí wọ́n ṣì ń sanwó, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gé owó. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, owó ìṣẹ́jú kan ló máa san. Bó bá sì fi ìṣẹ́jú àáyá kan lé ní ìṣẹ́jú, ó di ti méjì. Ẹ bi àwọn òbí yín: aago ọwọ́ ni wọ́n máa ń tẹjú mọ́, wọn ò ní tíì kí ìyá wọn tán tí wọ́n á ti pa fóònù. Àwọn iléeṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ní àkókò kò tíì tó láti gé owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́dún 2003, Glo, iléeṣẹ́ Mike Adenuga ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, dé, ìṣẹ́jú àáyá ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àkókò fi tó fún àwọn yòókù náà! Glo kọ́ ló ṣẹ̀dá fóònù o. Ìṣirò owó ló yí padà.

2. Ẹ wo ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọjà náà. Ẹni tí kò lè ra agolo mílíìkì lè ra èyí tó máa bù sí ẹ̀kọ òwúrọ̀ kan. Ohun tí àwọn tó ń ṣe mílíìkì Cowbell rí nìyẹn tí wọ́n fi ń di í ní lẹ́búlẹ́bú sínú ọ̀rá péńpé. (Ọ̀rá yẹn náà ló ń dí gọ́tà wa. Òwò ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lójú.)

3. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn tò sí nìkan la fi ń wọlé. Ilé sinimá ni àwọn oníṣẹ́ eré ń lé tẹ́lẹ̀. Kenneth Nnebue, tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì fídíò, gbé eré Àjẹ́ Ni Ìyá Mi lọ tààrà sórí fídíò lọ́dún 1989, kó tó wá ṣe Living in Bondage lọ́dún 1992. Yàrá oníbàárà ló sọ di sinimá.

4. Àmọ́ kí ẹ tó yẹ àṣà kan sílẹ̀, ẹ wádìí ohun tó bí i. Nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, tó wà lára omi inú ọ̀rá kì í ṣe ìdíwọ́. Ikùn oníbàárà ló ń ṣọ́.

5. Ẹ má tíì yáwó. Ẹ gbé ọjà yín lọ bá ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní "ó mà dáa o" tí kò tọwọ́ bàpò, ẹ padà sí nọ́ńbà kìn-ín-ní.