Ẹni Tó Lọ́ra Jù Ló Ni Ìrìnàjò

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Àwọn apẹja tó ń gbé láàrin Kútọnu àti Ouidah kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wọn. Ìgbì tó ń fọ́ lẹ́yìnkùlé wọn lójoojúmọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń gbé alùpùpù jáde láàárọ̀ Sátidé, tí aya wà lẹ́yìn, tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin tò tẹ̀lé wa, tí a fẹ́ gba etíkun lọ jẹ ẹja yíyan, àwa gan-an la nílò rẹ̀. Bí òkun bá ti yọ lọ́wọ́ òsì báyìí, tí atẹ́gùn kọlu àyà, ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í fún alùpùpù níná láìbéèrè lọ́wọ́ orí.

Ọ̀nà tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Fidjrossè ní Kútọnu, ó gba Togbin, Adounko àti Avlékété kọjá, ó sì já sí etíkun Ouidah, nǹkan bí 40 kìlómítà. Òkun ń bẹ lápá kan, ọ̀sà ń bẹ lápá kejì, igi àgbọn dúró láàrin. Iyanrìn ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá da ọ̀dà sí i báyìí. Inú mi dùn sí ọ̀dà náà, ṣùgbọ́n òun ló bí eré àsápajúdé. Nígbà tó jẹ́ iyanrìn, ta ni yóò sáré níbẹ̀?

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú gbogbo òwe tí àwọn tó ń fi alùpùpù gbafẹ́ lè mú dání, mi ò rí èyí tó ju èyí lọ. Bí ẹni iwájú bá ń sá 80, ẹni ẹ̀yìn tí iná ọ̀nà tàbí ewúrẹ́ dá dúró díẹ̀ yóò sá 100 kó tó lè bá a, ojú yóò sì tì í láti sọ pé eré náà ti pọ̀ jù fún òun. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bá àwọn tó ń ti ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára jù síwájú jiyàn. Ẹni tó mọ ọ̀nà ni kó ṣíwájú. Ẹni tí kò tí ì mọwọ́ alùpùpù dáadáa, tàbí tó gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ni kó tẹ̀ lé e, kí olórí lè máa rí i nínú dígí. Ọ̀jáfáfá mìíràn ni kó kẹ́yìn, kí irinṣẹ́ àti oògùn ojú ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eré tó bá rọ ẹnì kejì yẹn lọ́rùn ni eré gbogbo yín. Bí ó bá sọ pé 50 ni òun lè sá, 50 náà ni.

Ẹ má tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá wà lápá òsì ọ̀nà yín, kí ẹni tó tẹ̀ lé e wà lápá ọ̀tún, kí àyè sì wà láàrin wọn. Bí ẹni iwájú bá kọjá lára igi àgbọn kan, ẹ ka ení, èjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó dé ìdí igi náà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ kí ẹ tó ka èjì tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Níbi tí a bá ti fẹ́ yà, kí olúkúlùkù dúró de ẹni ẹ̀yìn rẹ̀; kò sẹ́ni tó máa sọnù, kò sì sẹ́ni tó máa gbé fóònù sétí lórí ìrìn.

Atẹ́gùn òkun máa ń gbá iyanrìn sórí ọ̀dà. Níbi tí ẹ bá ti rí i tí títì dúdú yí padà di rúsúrúsú, òun nìyẹn. Ẹ ti dín iná kù kí ẹ tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí alùpùpù dúró ṣánṣán, ẹ má sì fọwọ́ kan bíréèkì iwájú lórí rẹ̀. Ibi tí à ń lọ là ń wò, a kì í wo ibi tí a ti ṣubú. Ẹni tí nǹkan ti bà jẹ́ fún ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí tù nínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ alùpùpù tó ṣe kókó jù ú lọ: ibi tí ojú bá dojú kọ ni táyà ń tẹ̀ lé. Ẹni tó tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò ló ń lọ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ wòran, kó dúró. Ìran sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn apẹja a fi ọkọ̀ ìgbájá gbé àwọ̀n ńlá wọ inú òkun, wọ́n á fi ìdí okùn kan sílẹ̀ létí omi, wọ́n á gbé ìdí kejì gúnlẹ̀ níbi tó jìnnà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé á tò sí ìlà méjì, wọ́n á máa fà á fún wákàtí púpọ̀ pẹ̀lú orin lẹ́nu. Bí ẹ bá kí wọn, tí ẹ bá wọn fa okùn díẹ̀, inú wọn á dùn ju kí ẹ yọ fóònù láìgbàṣẹ. Ẹ rántí pé bí àwọ̀n bá ti ń sún mọ́ etí omi, àwọn ọmọ á máa sáré kọjá títì láìwẹ̀yìn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, akoto la fi ń ṣọ́ tiwa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé akoto tó dára, tí a sì dè dáadáa, ń dín ikú kù ní nǹkan bí 42%, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní 69%. Èyí tí wọ́n fi kọ́ apá kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹ̀yin ìyá, akoto kì í jókòó lórí gèlè. Ẹ ká gèlè sínú àpò títí ẹ ó fi débẹ̀. Ìró àti ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù, torí ṣéènì àti ẹsẹ̀ táyà kì í mọ aṣọ olówó iyebíye yàtọ̀ sí àkísà. Ṣòkòtò ni kí ẹ wọ̀. Kí àwọn ọmọ sì máa gun alùpùpù láti apá òsì, nítorí apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà sábà máa ń wà, ó sì ti fi àpá sí ojúgun púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mi ò ní fi bọpo bọyọ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lè tẹ ìtẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí alùpùpù, pàápàá jù lọ lórí táńkì níwájú bàbá rẹ̀. Bí bíréèkì òjijì bá dé, àyà bàbá náà ni yóò ti ọmọ mọ́ ọwọ́ alùpùpù. Ẹnì kan á ní ojoojúmọ́ ni ìyá ń pọnmọ lórí ọ̀kadà ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́. Òótọ́ ni, àìrówó ló fà á, kì í ṣe fàájì. Àwa tí à ń gbafẹ́ kò ní àwáwí yẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, n ò ní kí ẹ fi ọmọ sílé. Ẹ dáwó jọ gba mọ́tò kan tí yóò máa bọ̀ lẹ́yìn, kí ọmọ wẹ́wẹ́, ìyá àgbà, omi, oúnjẹ àti ẹrù wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ owó tí ẹ lè ná dáadáa ju ìyẹn lọ.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, kó rí i pé ìwé alùpùpù wà ní orúkọ òun, kí káàdì ìbánigbófò ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982 sì wà lápò kó tó dé bodè Sèmè. Kó sùn sí Àjàṣẹ́ lálẹ́ Fúráìdè. Epo inú ìgò tí wọ́n ń pè ní kpayo pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdọ̀tí àti omi lè wà nínú rẹ̀, ẹ ra epo níléeṣẹ́ epo.

Ẹ má wẹ̀ nínú òkun yẹn. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ lọ́sà ló máa ń yí òwe náà padà, tó sì ń bá omi lọ. Ìgbì ibẹ̀ ń fa ènìyàn láti ìsàlẹ̀.

Ní Ouidah, ẹ pa iná alùpùpù níwájú Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ sétí òkun ní 1995 ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Kossola, ọmọ Yorùbá tí àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé agbègbè Bantè ló ti wá, wà lára nǹkan bí 110 ènìyàn tí ọkọ̀ Clotilda kó láti Ouidah lọ sí Alabama ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ Africatown dó, ó sì kú ní 1935. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti tó gbọ́ ìtàn yìí. Ẹ jókòó sọ ọ́ fún un níbẹ̀, kí ẹ tó wá ẹja yíyan lọ.

Bí ara bá ṣì ń yá yín láti dé Grand-Popo, nǹkan bí 80 kìlómítà sí Kútọnu ni, ẹ sùn sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá sì kọjá bodè Hilla-Condji wọ Tógò, kó dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan.

Bí ẹ bá délé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, iyọ̀ òkun ti wà lára alùpùpù. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sùn, ẹ nù ún gbẹ, ẹ sì fi òróró ra ṣéènì. Ẹni tó bá fi di ọjọ́ kejì, ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀.