Kí Ọmọ Tó Wọ SS1

Ẹ̀yin ará, bí a bá lọ sílé fún ìsinmi, àwọn ọmọ SS3 la máa ń kó jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹ̀kọ́ JAMB. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní JSS3 ló yẹ kí a kọ́kọ́ wá lọ.

Ní SS1 ni ọmọ ń yan sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáàṣì. Ọ̀rẹ́ ni púpọ̀ wọn ń tẹ̀ lé, àwọn mìíràn ń sá fún olùkọ́ tó le. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa sá fún kẹ́mísírì. SS3 ló tó sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ ṣe. Ọdún mẹ́ta la ti jọ ń kọrin, n kò sì bi í rí.

Ẹ bi wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB, kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ mẹ́rin tí kọ́ọ̀sì tó wù ú ń béèrè. Ti nọ́ọ̀sì ni Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Kírẹ́díìtì márùn-ún ti WAEC tàbí NECO tún wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì kì í ṣe eré. Kí ẹ tó dìde, ẹ yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni JAMB ti ń mú wọn, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì yá.