Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Debugger Mi Wọlé Lẹ́ẹ̀kan, Kò Wọlé Mọ́

ÌBÉÈRÈ

Mo ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa ṣọ́ bátìrì sólà ilé wa, kí ó lè já iná nígbà tí bátìrì bá fẹ́ gbẹ. Bọ́ọ̀dù tí mo ń lò ni Blue Pill, èyí tó ní ṣíìpù STM32F103C8T6. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ń já iná kódà nígbà tí bátìrì kún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tan iná LED, tí mo ń pa á, kí n lè mọ ibi tí kóòdù dé kó tó ṣìnà. Nígbà tó sú mi, mo ra debugger kan tó ń jẹ́ ST-LINK. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó wọlé wẹ́rẹ́, mo sì fi kóòdù sórí ṣíìpù. Láti ìgbà náà, kò wọlé mọ́. Kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun kò rí ṣíìpù kankan. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ti jóná. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ló ṣe yẹ kí n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, má sì ju bọ́ọ̀dù yẹn nù. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó wá kọ̀ lẹ́yìn tí kóòdù rẹ dé orí rẹ̀: ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rò pé ṣíìpù rẹ wà láàyè. Kóòdù tí ìwọ fúnra rẹ fi síbẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ debugger.

Wáyà méjì ni ST-LINK fi ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀: SWDIO, tó wà ní ẹsẹ̀ PA13, àti SWCLK, tó wà ní PA14. Debugger nìkan kọ́ ló ni ẹsẹ̀ méjèèjì. Kóòdù lè gbà wọ́n fún iṣẹ́ mìíràn. Bí o bá fi CubeMX ṣètò iṣẹ́ rẹ, tí o kò sì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ Debug sí lábẹ́ SYS, ó lè fi ìlà kan tó ń jẹ́ __HAL_AFIO_REMAP_SWJ_DISABLE() sínú kóòdù rẹ. Wá a nínú fáìlì stm32f1xx_hal_msp.c. Gbàrà tí iná bá dé, tí ṣíìpù kà dé ìlà yẹn, ó ti gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ debugger nìyẹn. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá kan, o kò sì ní rí i kó tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ wọlé kí kóòdù rẹ tó jí. Lórí Blue Pill, jumper kékeré méjì wà tí ó ní 0 àti 1. Mú ti BOOT0, fi sí 1, kí o tẹ reset. Ṣíìpù yóò fi kóòdù rẹ sílẹ̀, yóò lọ máa ṣiṣẹ́ lórí bootloader tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ṣí STM32CubeProgrammer, tẹ Connect, kí o wá nu ohun gbogbo tó wà lórí ṣíìpù kúrò. Dá BOOT0 padà sí 0. Padà sí CubeMX, mú Serial Wire lábẹ́ SYS, jẹ́ kó tún kóòdù ṣe, kí o fi ránṣẹ́. Àwọn kan á ní kí o lo Connect under reset dípò èyí. Ó dára, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ST-LINK kékeré olówó pọ́ọ́kú, ẹsẹ̀ RST kò bá STM32 ṣiṣẹ́. Bí tìrẹ bá wà lára wọn, di bọ́tìnnì reset mú, tẹ Connect, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà BOOT0 ló dá mi lójú jù.

Ní ti wáyà, mẹ́rin ni: 3.3V, GND, SWDIO, SWCLK. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ST-LINK ni kí o wò, má wo àwòrán tẹ́nìkan yà, torí kì í ṣe gbogbo wọn ni ẹsẹ̀ wọn tò bákan náà. Ojú kan ṣoṣo ni kí iná ti wá: bí USB bá ti ń fún bọ́ọ̀dù níná, yọ wáyà 3.3V ti ST-LINK, kí o fi GND sílẹ̀. Kí o tó di ẹ̀bi ru sọ́fítíwíà, fi mítà wọn 3V3 sí GND, fólítì 3.3 ló yẹ kí o rí. Bí ó bá ń wọlé tó ń já, wáyà rẹ ti gùn jù. Kó má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kí o sì dín ìyára kù sí 480 kHz. Bí o bá ń lo OpenOCD, tó wá sọ pé òun rí 0x2ba01477 níbi tí òun ti ń retí 0x1ba01477, ṣíìpù rẹ kì í ṣe ti STMicroelectronics gan-an, àfarawé rẹ̀ ni wọ́n tà fún ọ. Sọ nọ́ńbà tuntun náà fún OpenOCD, yóò gbà.

Wàyí o, bátìrì. N kò tíì rí kóòdù rẹ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fura sí. Ká ní bátìrì wà ní fólítì 12, tí resistor rẹ méjèèjì sì pín in sí mẹ́fà, fólítì 2 ló máa dé ẹsẹ̀ ADC, ìyẹn apá ṣíìpù tó ń sọ fólítì di nọ́ńbà. ADC yóò kà á sí 2482. O ní kó sọ ọ́ di mìlífólítì: 2482 lọ́nà 3300, kí o pín in sí 4095. Ó yẹ kó jẹ́ 2000. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ́kọ́ kó èsì ìsọdipúpọ̀ yẹn, 8,190,600, sínú uint16_t, àpótí yẹn kò lè gbà ju 65,535 lọ. Èyí tó pọ̀ jù á dànù, 64,136 ló máa ṣẹ́kù, o sì pín ìyẹn sí 4095, ó di 15. Ẹ̀rọ rẹ rí mìlífólítì 15, ó gbà pé bátìrì ti kú, ó já iná. Iná LED tó ń tàn tó ń kú kò lè sọ èyí fún ọ títí ọdún á fi yípo. Ṣùgbọ́n fi breakpoint, ìyẹn ibi tí o fẹ́ kí ṣíìpù ti dúró, sórí ìlà tó tẹ̀ lé ìsọdipúpọ̀ náà, kí o wo nọ́ńbà ọ̀hún lójú kọ̀ǹpútà: 64136 ló máa wà níbẹ̀. uint32_t ni oògùn rẹ̀.

Mẹ́fà péré ni breakpoint tí ṣíìpù yìí gbà lẹ́ẹ̀kan náà, má fi wọ́n ṣòfò. Bí o bá rí i tí wọ́n kọ "optimized out" síwájú orúkọ nọ́ńbà, fi -Og kọ́ kóòdù náà dípò -O2. Bí o bá ti tan watchdog, kò ní mọ̀ pé o dá ṣíìpù dúró. Á ṣáà máa tún un bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ, àfi bí o bá fi __HAL_DBGMCU_FREEZE_IWDG() sí i.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù. Bí ṣíìpù bá dúró lórí breakpoint, ẹsẹ̀ tó wà ní ṣíṣí á wà ní ṣíṣí. Mo ti dá tèmi dúró rí nígbà tó ṣí MOSFET fún irin ìgbóná kékeré kan. Èmi ń wo nọ́ńbà, irin ń gbóná lọ, orí tábìlì ti ń rùn kí n tó gbójú sókè. Yọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ ń gbé iná fún kúrò kí o tó dá ṣíìpù dúró. Bí ẹ̀rọ rẹ bá sì fara kan iná NEPA láìsí transformer láàárín, má so ST-LINK mọ́ ọn rárá, torí GND yẹn ni yóò gbé iná wá sára kọ̀ǹpútà àti ọwọ́ rẹ.

Nígbà tó o bá ti wọlé, kọ nọ́ńbà tí ADC kà nígbà tí bátìrì kún sí mi, pẹ̀lú ìwọ̀n resistor méjèèjì.