Ọmọláńgidi Tí Ń Jó àti Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni ọmọláńgidi. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ púpọ̀, àwọn àgbà ni ó ń mú ère jó, ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro láti sọ ní gbangba ni wọ́n sì ń fi sí i lẹ́nu.

Irú mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀ nínú, èyí tí wọ́n ń fi okùn fà, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbé láti ìsàlẹ̀, àti ti òjìji. Ti òjìji ni àwọn ará Jáfà ní Indonéṣíà ń fi awọ ẹfọ̀n gé, tí wọ́n sì ń mú rìn lẹ́yìn aṣọ títa tí iná ń tàn sí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, agbẹ́gilére a máa fi ère kéékèèké sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mìíràn. Bí oníjó bá fa okùn, ère náà yóò mira. Ní 2008 ni UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún gbogbo ayé. Ní 2019, ó kọ Kwagh-hir ti àwọn Tiv mọ́ ọn pẹ̀lú. Lórí pèpéle ni ère Kwagh-hir ń jó, àwọn tí ń mú un jó a sì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà rògbòdìyàn ìṣèlú àwọn ọdún 1960, ère wọ̀nyí ni àwọn Tiv fi sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn.

BÍ ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ ṢE LÈ ṢE TIRẸ̀

1. Kí ó ká páálí mọ́ ìka ìfábẹ̀lá, kí ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èyí ni ọrùn.

2. Kí ó rún ìwé ìròyìn àtijọ́ tó ọsàn kan, kí ó so ó mọ́ orí ọrùn náà.

3. Kí ó ya ìwé wẹ́wẹ́, kí ó rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì gbígbóná tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí náà ní ìpele 4. Kí ìpele kan gbẹ kí ó tó lẹ òmíràn. Kí ó mọ imú àti etí sí i.

4. Bí ó bá gbẹ tán nínú oòrùn, kí ó kùn ún ní ọ̀dà, kí ó fi òwú ṣe irun.

5. Kí ó rán aṣọ tí ó fẹ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì so ó mọ́ ọrùn. Ìka ìfábẹ̀lá yóò wà nínú orí. Àtàǹpàkò àti ìka àárín yóò di apá.

Olùkọ́ lè fi irú ère bẹ́ẹ̀ bá ọ̀lẹ tàbí onírọ́ wí láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn yóò mọ̀, ojú kò sì ní tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi.