ÌRÌN ÀJÒ ÌHÌNRERE NÍ ILẸ̀ ÀJÈJÌ

Ẹ kà: Lúùkù 10, 1-9, Ìṣe Àwọn Àpóstélì 13 àti 14



Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "míṣọ́nárì", ẹni tí ó ti òkè òkun wá, tí ó sì gbé àárín wa títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Òótọ́ ni, irú wọn wà. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Ìjọ ti ń rán àwọn mìíràn lọ fún ìgbà kúkúrú: wọn a lọ, wọn a jíṣẹ́, wọn a sì padà wá jábọ̀. Lónìí pẹ̀lú, àwọn ọ̀dọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùkọ́ ń fi ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan sìn ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Báwo ni wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n lo ọjọ́ wọn níbẹ̀? Kí ni ó sì yẹ kí ó kù lẹ́yìn wọn? Ìrìn àjò kìn-ín-ní Pọ́ọ̀lù Mímọ́, ní nǹkan bí ọdún 46 sí 48, yóò là wá lóye.

1. Àdúrà ni ó ń ṣí ọjọ́ wọn

Pọ́ọ̀lù àti Bánábà kò rán ara wọn. Ìjọ Áńtíókù ní ilẹ̀ Síríà ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà, nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ yan àwọn méjèèjì. A gbé ọwọ́ lé wọn, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Kípírọ́sì, lẹ́yìn náà wọ́n dé ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Nítorí náà, kí òjíṣẹ́ tó jáde lọ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ wá síwájú Ọlọ́run nínú àdúrà àti nínú Ìrúbọ Mísà bí àlùfáà bá wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́tí sí Ẹni tí ó rán an, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa sọ.

2. Àlejò ni wọ́n

Olúwa kọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti gbé àpò owó dání. Ó ní kí wọn kí ilé tí wọ́n bá wọ̀ ní àlàáfíà, kí wọn jẹ ohun tí a bá gbé ka iwájú wọn, kí wọn má sì máa ṣí láti ilé dé ilé. Ẹ kíyè sí i: kí òjíṣẹ́ tó fúnni ní nǹkan, ó ní láti kọ́kọ́ gbà. Ẹni tí ó bá kẹ́gàn oúnjẹ onílé ti kẹ́gàn onílé. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Kọ́ríńtì ní ìrìn àjò mìíràn, ọ̀dọ̀ Àkúílà àti Pírísílà ni ó wọ̀ sí. Ó ń bá wọn pa àgọ́ láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, a wàásù nínú sínágọ́gù. Àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ rí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ ní ẹnu rẹ̀.

3. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní Lísírà, Pọ́ọ̀lù mú arọ kan lára dá. Àwọn ará ìlú náà kígbe ní èdè tiwọn pé òrìṣà ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn, wọ́n sì fa akọ màlúù wá láti bọ wọ́n. Nígbà tí àwọn Àpóstélì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n fa aṣọ ara wọn ya, wọ́n sì ké pé ènìyàn bí tiwọn ni àwọn. Kò pẹ́ tí a fi sọ Pọ́ọ̀lù ní òkúta ní ìlú kan náà.

Ewu yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Nígbà tí àlejò bá mú oògùn, ìwé tàbí owó wá, ó rọrùn kí àwọn ènìyàn máa wo ọwọ́ rẹ̀ dípò Krístì. Ó sì rọrùn kí òun náà gbádùn ìyìn náà. Ìgbàgbọ́ tí a bá kọ́ lé àlejò lórí yóò bá àlejò lọ.

4. Ohun tí ó yẹ kí ó kù

Kí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà tó padà sílé, wọ́n tún gba àwọn ìlú náà kọjá, àní Lísírà pẹ̀lú. Wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ lọ́kàn le, wọ́n sì yan àwọn alàgbà fún Ìjọ kọ̀ọ̀kan. Ilé làbọ̀ sinmi oko: nígbà tí wọ́n dé Áńtíókù, wọ́n jábọ̀ ohun tí Ọlọ́run ṣe.

Ilẹ̀ wa náà jẹ́rìí sí èyí. Ní 1861, Bàbá Francesco Borghero, ti Ẹgbẹ́ Míṣọ́nárì Áfíríkà, gúnlẹ̀ sí Wídà. Nígbà tí ó bẹ Èkó wò ní 1863, ó bá àwọn Kátólíìkì tí wọ́n ti oko ẹrú ní Bràsíìlì padà wá. Wọn kò ní àlùfáà láàárín wọn. Ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àńtóníò, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Àlùfáà náà wá, ó sì padà lọ. Àdúrà ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé.

5. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Àpérò Vatican Kejì, nínú ìwé Ad Gentes ti 1965, kọ́ wa pé kí àwọn tí ń múra de ìrìbọmi pàápàá máa fi ìgbé ayé wọn àti ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn bá Ìjọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere. Ẹ má ṣe dúró de àlejò.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ta ni ó ń rán míṣọ́nárì?
Ọlọ́run ni, nípasẹ̀ Ìjọ rẹ̀.

Kí ni òjíṣẹ́ gbọ́dọ̀ yàgò fún?
Kí ó má gba ògo tí í ṣe ti Ọlọ́run.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ìrìn àjò kúkúrú so èso?
Bí ìgbàgbọ́ àti ìfẹ́ bá dúró lẹ́yìn tí òjíṣẹ́ ti lọ.

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Ẹ bẹ àjèjì kan tí ó wà ní àdúgbò yín wò. Ẹ jókòó tì í, ẹ gba ohun tí ó bá fi ṣe yín lálejò, kí ẹ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín.

ÀDÚRÀ

Olúwa Jésù, Ìwọ tí Baba rán sí wa, kọ́ wa láti gba àlejò bí ẹni gba Ọ́. Bí O bá sì rán wa, má jẹ̀ẹ́ kí a jí ògo Rẹ. Àmín.